Angondjé: Àdúgbò Ọlọ́lá ní Etí Igbó Mondah

Ní alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2012, Zambia àti Côte d'Ivoire fi 120 ìṣẹ́jú gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ìṣeré Angondjé ní Libreville, olú ìlú Gabon, láìsí góòlù kankan. Pẹnáritì ló parí ìjà, 8 sí 7, Zambia sì gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ayọ̀ náà mú omijé dání, nítorí pé òkun Libreville yìí kan náà ni bàálù àwọn agbábọ́ọ̀lù Zambia já sí ní oṣù Kẹrin ọdún 1993, tí gbogbo 30 èèyàn inú rẹ̀ kú. Alẹ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Angondjé. Àwọn ará Ṣáínà ló bá Gabon kọ́ pápá náà, ó gba 40,000 òǹwòran, Brazil ló sì wá bá wọn ṣí i ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011.

Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kọ́ ló tẹ àdúgbò náà dó. Àwọn Mpongwe ló ni etí omi yìí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní 1839, ọ̀kan nínú àwọn ọba wọn, Rapontchombo, tí àwọn Faransé ń pè ní Denis, bá Bouët-Willaumez, ọmọ ogun ojú omi Faransé, tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Ní 1846, ọkọ̀ ogun Faransé gba ọkọ̀ akẹ́rú kan tí ń jẹ́ Elizia. Nígbà tó di 1849, wọ́n fún 52 lára àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ilẹ̀, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní Libreville, ìlú òmìnira, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti sọ tiwọn ní Freetown. Ọmọ Èkó mọ irú ìtàn yìí dáadáa. Láti Freetown ni àwọn Sàró ti wá kọ́lé sí Olówógbowó, tí àwọn Àgùdà sì ti Brazil dé wá gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláràbarà kalẹ̀ ní Pópó Àgùdà.

Ní Libreville, epo rọ̀bì ló kọ́ ilé ńlá. Igi òkúmé ló ti ń bọ́ ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, kí owó epo tó dé láàárín ọdún 1970 sí 1980. Gabon wọ ẹgbẹ́ OPEC ní 1975. Ní 1977, ààrẹ Omar Bongo gba àwọn olórí Áfíríkà lálejò fún ìpàdé OAU, àjọ ìṣọ̀kan Áfíríkà, ìnáwó rẹ̀ sì dá gbèsè sílẹ̀. Àwọn olówó wá ń kúrò láàárín ìlú, wọ́n ń gba etíkun lọ sí ìhà àríwá, kọjá pápákọ̀ òfurufú Léon-Mba. Àdúgbò La Sablière ló kọ́kọ́ gbayì. Nígbà tí ilẹ̀ ibẹ̀ há, ọ̀nà Cap Estérias ṣí Okala, Angondjé àti Avorbam sílẹ̀ fún àwọn tó ń wá àyè.

Ní 2013, Akanda di ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀, Angondjé sì wà nínú rẹ̀. Ilé ìwòsàn yunifásítì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Ilé ń yọ lójoojúmọ́: ògiri gíga, géètì irin, tánkì omi lókè, ọgbà òdòdó nínú. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó kọ́lé tó dára. Iṣẹ́ àti làálàá ni ilé jẹ́.

Ohun tó ń dùn mí ni ibi tí ilẹ̀ yẹn ti wá. Igbó Mondah, tí ìjọba fi òfin dáàbò bò, ni wọ́n ń gé díẹ̀díẹ̀. Èyí tó kù ni wọ́n fi sọrí André Raponda Walker, ọmọ Gabon àkọ́kọ́ tó di fádà, ní 1899, tó sì kọ ìwé nípa ewé àti igi ilẹ̀ rẹ̀. Ní ìhà kejì ni ọgbà Akanda wà, ọ̀kan nínú ọgbà ìṣẹ̀dá 13 tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002. Igbó ẹ̀gbà ló kún ibẹ̀, igi tó ta gbòǹgbò sínú omi oníyọ̀. Ẹja ń sá pamọ́ sí abẹ́ rẹ̀, ẹyẹ tó ti Yúróòpù sá òtútù ń bà síbẹ̀. Òjò Libreville fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 mìlímítà lọ́dún. Tí wọ́n bá fi yẹ̀pẹ̀ dí ẹ̀gbà láti kọ́lé, ibo ni omi yóò gbà? Ẹ bi ará Lẹ́kí ní Èkó.

Angondjé ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Àwọn tó mọ ibẹ̀ nígbà tó jẹ́ igbó ṣì wà láàyè: wọ́n mọ ìdílé tó ni oko, wọ́n mọ odò tí wọ́n dí, wọ́n mọ igi tó dúró níbi tí géètì wà lónìí. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò bá tètè tọ́jú lè parẹ́: ní Èkó, ní 2016, wọ́n wó ilé Ilojo Bar tí àwọn Àgùdà kọ́ ní 1855, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ti kà á sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1956. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń ṣòwò ní ọjà Mont-Bouët ní Libreville, tí ẹ sì ní ojúlùmọ̀ ní Angondjé, ẹ lọ jókòó ti àwọn àgbà yẹn nínú ọdún yìí, kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀.