Ẹ̀rọ apèsè iná kọ̀ǹpútà

Ẹ̀rọ apèsè iná kọ̀ǹpútà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí PSU, jẹ́ ẹ̀yà kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí ó ń gba iná mànàmáná láti sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, tí ó sì ń yí i padà sí irú èyí tí àwọn ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà lè lò. AC, iná tí ń lọ tí ń bọ̀, ni iná ara ògiri. Ní Nàìjíríà, 230 fólìtì ni ìwọ̀n rẹ̀. DC, iná tí ń ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ni àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà nílò, ní 12, 5 àti 3.3 fólìtì. Nítorí pé ọwọ́ PSU ni gbogbo ẹ̀yà yòókù ti ń gba iná, èyí tí kò dára lè ba gbogbo wọn jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìlànà ATX

Ní ọdún 1995 ni ilé-iṣẹ́ Intel gbé ìlànà ATX jáde, èyí tí ó sọ bí motherboard, àpótí kọ̀ǹpútà àti PSU ṣe gbọ́dọ̀ bára mu. Ìlànà yìí ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì ṣì ń tẹ̀lé. Àmọ́ àwọn kan nínú kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ tò tán kí wọ́n tó tà wọ́n ní ìtóbi àti ẹnu wáyà tiwọn, nítorí náà ó yẹ kí a yẹ ìwọ̀nyí wò kí a tó ra PSU mìíràn fún wọn.

Ìṣirò agbára tí ó tó

Wáàtì ni a fi ń wọn agbára. Láti mọ iye tí kọ̀ǹpútà nílò, a máa ń ṣe àròpọ̀ ohun tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lè fà nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ fún un. Nínú kọ̀ǹpútà tí ó ní káàdì àwòrán, CPU àti káàdì náà ni ó sábà máa ń fa iná jù. Fún àpẹẹrẹ, Intel Core i5-12400 lè fa 117 wáàtì, káàdì Nvidia GeForce RTX 3060 sì lè fa 170. Bí a bá fi 60 kún un fún motherboard, mẹ́mọ́rì, dísìkì àti fáànù, àpapọ̀ rẹ̀ yóò súnmọ́ 350 wáàtì. Síbẹ̀, 550 wáàtì ni Nvidia dámọ̀ràn fún kọ̀ǹpútà tí ó ní káàdì yìí.

Ìdí wà fún àlàfo náà. Káàdì àwòrán máa ń ṣàdédé fa iná tí ó ju iye tí a kọ sí i lọ, fún àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí PSU kò bá lè gbé e, kọ̀ǹpútà yóò kú lójijì. ATX 3.0, tí ó jáde ní ọdún 2022, fi ìlànà lélẹ̀ lórí bí PSU ṣe gbọ́dọ̀ fara da irú ìfàlójijì bẹ́ẹ̀. Ní ìdà kejì, PSU ńlá kì í fi iná ṣòfò kìkì nítorí pé ó tóbi: iye tí àwọn ẹ̀yà bá béèrè ni ó ń fún wọn.

Àkọlé ara PSU

Nọ́ńbà ńlá tí a kọ sí ara páálí kò tó láti fi ra PSU. Láti ojú wáyà 12 fólìtì ni CPU àti káàdì àwòrán ti ń gba iná, nítorí náà ojú yìí ni ó ṣe pàtàkì jù. Tábìlì kékeré tí a lẹ̀ mọ́ ara PSU máa ń sọ iye ámpù tí ojú kọ̀ọ̀kan lè gbé. Bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú fólìtì rẹ̀, a ó rí wáàtì. Bí a bá kọ 500 wáàtì sí PSU kan, ṣùgbọ́n tí ojú 12 fólìtì rẹ̀ kò ju ámpù 25 lọ, 300 wáàtì péré ni ó lè fún àwọn ẹ̀yà méjì yìí. Àlàfo díẹ̀ péré ni èyí yóò fi sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lókè.

Ìwé ẹ̀rí 80 Plus

Ètò 80 Plus, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004, ń jẹ́rìí sí i pé ó kéré tán, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún iná tí PSU gbà ni ó ń dé inú kọ̀ǹpútà. Ìyókù ń di ooru. Láti pèsè 300 wáàtì, PSU tí ó wà ní ìdá 80 yóò gba 375 láti ara ògiri. Èyí tí ó wà ní ìdá 90 yóò gba nǹkan bí 333. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó ń lo inverter tàbí jẹnẹrétọ̀. Àmọ́ ìwé ẹ̀rí náà kò sọ bóyá PSU ní ààbò tí yóò pa á nígbà tí fólìtì bá ga jù tàbí tí wáyà bá kanra.

Ìlò àti ewu

Àwọn PSU àtijọ́ kan ní súwíìṣì pupa lẹ́yìn, tí a kọ 115 àti 230 sí. Kọ̀ǹpútà tí a ti lò rí tí ó wá láti Amẹ́ríkà, níbi tí iná ilé ti jẹ́ 120 fólìtì, lè ṣì wà lórí 115. Bí a bá tan án bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, PSU náà lè jó lójú ẹsẹ̀.

Bí iná bá lọ, agbára tí ó kù nínú PSU kì í gbé kọ̀ǹpútà ju ìwọ̀nba ìdá nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ, ìdí nìyí tí a fi ń lo UPS. VA tí a kọ sí UPS kì í ṣe wáàtì. Wáàtì rẹ̀ sábà máa ń kéré ju VA lọ, òun sì ni kí a fi wé ohun tí kọ̀ǹpútà àti mọ́nítọ̀ ń fà.

Kò yẹ kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ tú PSU. Kapásítọ̀ inú rẹ̀ lè di iná tí ó ju 300 fólìtì mú lẹ́yìn tí a bá ti yọ wáyà kúrò lára ògiri, iná náà sì lè pa ènìyàn.