Fọ́ńṣọ̀n alágbáraméjì

Nínú ìmọ̀ ìṣirò, fọ́ńṣọ̀n alágbáraméjì ni òfin tí ó ń sọ iye kan, x, di iye mìíràn, y, báyìí: y = ax² + bx + c. Àmì x² dúró fún x tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀. Nọ́ńbà tí kì í yí padà ni a, b àti c. A kò sì gbọdọ̀ jẹ́ òdo. Páràbólà ni à ń pe gíráàfù rẹ̀. Bí a bá ju òdo lọ, páràbólà náà á ṣí sókè bí igbá. Bí kò bá tó òdo, á dà bí igbá tí a dojú rẹ̀ bolẹ̀.

Àpẹẹrẹ

Àgbọn pọ̀ ní etíkun Àgbádárìgì títí dé Sẹ̀mẹ̀, ní ẹnubodè Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀. Ká ní àgbẹ̀ kan níbẹ̀ ní ọgbà ewé àgbọn tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 40, tí ó fẹ́ fi yí oko ẹ̀fọ́ onígun mẹ́rin ká. Òòró àti ìbú oko náà gbọdọ̀ jẹ́ mítà 20 lápapọ̀. Bí ìbú bá jẹ́ x, òòró á jẹ́ 20 − x, ìwọ̀n ilẹ̀ á sì jẹ́:

y = x(20 − x) = −x² + 20x

x: 0, 5, 8, 10, 12, 15, 20
y: 0, 75, 96, 100, 96, 75, 0

Kíka gíráàfù náà

A ó fi x sí ìlà tí ó dùbúlẹ̀, a ó fi y sí èyí tí ó dúró ṣánṣán. A kì í fi rúlà so àwọn àmì náà pọ̀, nítorí pé ìlà títẹ̀ ni páràbólà.

Ṣóńṣó rẹ̀ wà níbi tí x = −b/2a, èyíinì ni 10. Apá ọ̀tún àti apá òsì ṣóńṣó yìí bára mu. Níbẹ̀ ni ilẹ̀ ti pọ̀ jùlọ: mítà onígun mẹ́rin 100. Ẹni tí ó fi ọgbà kan náà ṣe oko tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 5 yóò rí 75 péré.

Bí àgbẹ̀ náà bá ń fẹ́ 120 ńkọ́? Ìlà y = 120 kò kan páràbólà náà rárá; kò sí bí ó ṣe lè to ọgbà náà tí yóò fi rí i. Ìṣirò b² − 4ac fún −x² + 20x − 120 = 0 fi èyí hàn: 400 − 480 = −80. Nígbà tí èsì yìí kò bá tó òdo, ìdọ́gba náà kò ní ìdáhùn láàrin àwọn nọ́ńbà gidi.

Ìtàn

Ní Baghdad, ní nǹkan bí ọdún 820, al-Khwarizmi kọ ìwé lórí yíyanjú irú ìdọ́gba báyìí. Lónìí, ó wà nínú ìṣirò tí àjọ WAEC, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1952, fi ń dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà wò. Èdè Faransé ni a fi ń kọ́ ọ ní ìhà Bẹ̀nẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà títẹ̀ kan náà ni.