Ìwé Ìtàn Johnson àti Ọ̀ràn Ẹni tí Ó Ni Ọ̀rọ̀

Ìbéèrè kan wà tí kì í pẹ́ jáde níbi tí àwa ọmọ ìlú bá ti pàdé: ta ni ó ni ìtàn ìlú tí a kọ sínú ìwé, àti ohùn àwọn àgbà tí a fi fóònù gbà sílẹ̀ tí a sì gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì? Àwọn kan ní ẹni tí ó kọ ọ́ ni; àwọn mìíràn ní ìlú ni. Kò sí ohun tí ó lè la ọ̀ràn náà yé wa tó ìrìn àjò ìwé The History of the Yorubas, èyí tí tọ̀túntòsì máa ń gbé dìde bí àríyànjiyàn oyè bá dé.

Sàró ni a bí Àlùfáà Samuel Johnson sí ní 1846. Nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ Ọlọ́run ní Ọ̀yọ́, ó gba ìtàn àtijọ́ lẹ́nu àwọn Arọ́kin ààfin. Oyè ìdílé ni ti Arọ́kin. Kì í ṣe ohun tí ẹni tí ó bá wù lè dìde kí ó máa ṣe. Ní ti ìtàn tí kò jìnnà, ó gbọ́ lẹ́nu David Kukomi ní Ìbàdàn, Josiah Oni, àti Lágúnjú, Tìmì ìlú Ẹdẹ. Ó dárúkọ wọn nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀. A yìn ín fún èyí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kọ ìtàn lónìí kì í rántí ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní 1897 ó parí iṣẹ́, a sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní ìlú Òyìnbó. Ibẹ̀ ni ó sọnù sí. Nígbà tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, dé ọ̀hún ní 1900 tí ó béèrè, wọ́n ní àwọn kò rí i, ṣùgbọ́n àwọn ṣe tán láti san owó rẹ̀. Owó kí ni? Owó tákàdá ni, tàbí owó làálàá ọ̀pọ̀ ọdún? Samuel kú ní 1901. Láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù ni Obadiah ti tún ìwé náà kọ. Ní 1916, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ Appam tí ó gbé e lójú òkun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 1921 ni ìwé náà tó jáde. Obadiah ti kú ní 1920. Àwọn méjèèjì kò fi ojú rí i.

Òfin Òyìnbó ti 1911, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 1912, fún òǹkọ̀wé ní ẹ̀tọ́ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí di 50 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bí kò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ fún ẹlòmíràn, tirẹ̀ ni. Ẹni tí tákàdá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ṣe to ọ̀rọ̀ nìkan ni òfin ń dáàbò bò, kì í ṣe ìtàn fúnra rẹ̀. Nítorí náà Arọ́kin kò ní ìpín kankan nínú ìwé Johnson. Lójú àwọn baba wa, ẹ̀tọ́ láti sọ ìtàn náà gan-an ni ìdílé ń jogún. Ibí yìí ni òfin méjèèjì ti yà.

Òfin ìjọba ológun ti 1988 sọ iye ọdún náà di 70. Ó tún dáàbò bo àṣà àbáláyé, bí oríkì àti orin ìlú, lọ́wọ́ àwọn tí ń fi wọ́n ṣòwò; òfin 2022 sì tẹ̀lé e. Síbẹ̀ ọwọ́ àjọ ìjọba ni a fi àṣẹ náà sí, kì í ṣe ọwọ́ ìlú. Ọ̀ràn yìí dùn wá. Bí ọmọ wa kan bá sì ṣètò gbígba ohùn ìyá àgbà tí ń ki oríkì sílẹ̀, òun ni òfin mọ̀ sí ẹni tí ó ni ohùn tí a gbà náà. Ìyá ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kì í, ṣùgbọ́n ta ni í bi í léèrè kí ó tó gbé e sí YouTube?

Ní ti ìwé Johnson, ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́ báyìí láìsan kọ́bọ̀. Ìwé àkọ́kọ́ tí ó sọnù kò tíì di rírí. Bí ó bá yọ lónìí láti inú àpótí kan, àwọn agbẹjọ́rò lè jà lórí tákàdá rẹ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti di ti gbogbo ayé.