A Kì í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ìpín Oúnjẹ Àgbáyé àti Kòkó Wa

Ogun Àgbáyé Kejì parí ní ọdún 1945, ṣùgbọ́n ebi kò bá ogun lọ. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tí kò fi òṣùwọ̀n pín búrẹ́dì fún ará ìlú ní gbogbo ìgbà tí ìjà ń lọ lọ́wọ́, wá bẹ̀rẹ̀ sí í pín in ní oṣù Keje ọdún 1946, kò sì dẹ́kun títí di oṣù Keje ọdún 1948. Àlìkámà àti ìrẹsì wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni epo àti ọ̀rá.

Nígbà tí oúnjẹ bá kéré, ẹni tó ń pín in ni ọ̀gá. Ní ọdún 1942, Amẹ́ríkà àti Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa pín oúnjẹ. Kánádà dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn ọdún kan. Ní 1946, ìgbìmọ̀ tó gbòòrò jù ú lọ, International Emergency Food Council, gba iṣẹ́ náà ní Washington. Òun ló ń dábàá iye tí orílẹ̀-èdè tó ní yóò tà síta àti iye tí èyí tí kò ní yóò rà. Ìgbìmọ̀ náà kò ní pàṣán lọ́wọ́. Ìjíròrò àti àdéhùn ni gbogbo agbára rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá wà níbi ìjókòó ló lè sọ tẹnu rẹ̀.

Àwa ńkọ́? Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe fá tiwa nìyẹn. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ̀rọ̀ fún Nàìjíríà. Láti ìgbà ogun ni ìjọba amúnisìn ti gba ọjà kòkó sọ́wọ́. Nígbà tó di 1942, West African Produce Control Board fi epo, èkùrọ́ àti ẹ̀pà kún un. Iye tí ìjọba bá dá ni àgbẹ̀ ń gbà. Bí owó ọjà bá lọ sókè lókè òkun, èrè kì í dé oko. Dọ́là tí kòkó wa bá mú wá láti Amẹ́ríkà, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń kó o pamọ́ sí, àwọn ni wọ́n sì ń fi í ra ohun tí wọ́n nílò.

Ọ̀wọ́n ọ̀rá yìí kan náà ló mú kí Frank Samuel, ọ̀gá kan ní UAC, dábàá ní 1946 pé kí a gbin ẹ̀pà káàkiri Tanganyika. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ná nǹkan bí mílíọ̀nù 36 pọ́n-ùn sí i kí ó tó di òfò ní 1951. Láàárín àkókò kan náà, ẹ̀pà tí àgbẹ̀ Kano ti gbìn, tí wọ́n sì ti kó jọ, ń dúró de rélùwéè.

Ní 1947, Nigeria Cocoa Marketing Board bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ní kí a máa tọ́jú lára owó àgbẹ̀ nígbà ọ̀pọ̀, kí ó lè gbà á nígbà ọ̀wọ́n. Àlàyé náà kò burú. Àmọ́ àgbẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń pinnu iye tí wọn yóò yọ. Ní 1954, wọ́n pín ọ̀rọ̀ náà fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan, àpò sì dé Ìbàdàn.

A kò lè sẹ́ ohun tí àpò yẹn ṣe. Kòkó ni òpómúléró ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní 1955, tó dá tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní 1959, tó sì kọ́ ilé Bódìjà. Ilé Kòkó tó parí ní Dùgbẹ̀ ní 1965, alájà 26, fi orúkọ ẹni tó sanwó rẹ̀ hàn. Síbẹ̀, ní 1968 àti 1969, àgbẹ̀ ẹkùn kan náà dìde nínú ìjà Àgbẹ́kọ̀yà nítorí owó orí tó wúwo lọ́rùn wọn nígbà tí owó kòkó kò tó nǹkan.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ohun rere tí a fi owó ẹni ṣe kò dípò kí a bi í léèrè. Àwọn ará Washington kò bi àgbẹ̀ wa. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù kò bi í. Nígbà tí agbára sì dé ọwọ́ àwa fúnra wa ní Ìbàdàn, a kò bi í tó.