Òfin Àwọn Ẹ̀ṣọ́ àti Ìwà Tiwa Lónìí

  Ìtàn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó mú mi ronú kàn án.

Ní ọjọ́ kan, ní àkókò ìsinmi, mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìwé kan, mo ń wo àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n tò síwájú ẹ̀rọ omi, olúkúlùkù pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Bí ọmọkùnrin ńlá kan ti dé, ó fi èjìká ti ọmọ tí ó wà níwájú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ife ọmọ náà sì yí gbirigbiri lọ sínú ẹrẹ̀. Ọmọkùnrin náà bu omi mu, ó sì fi èyí tí ó kù bọ́jú. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe? Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n ń kígbe pé, “Ààrẹ! Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò!”

Mo pè é, mo bi í pé, “Ìwọ ọmọ yìí, ta ni à ń pè ní Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò?” Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹni tí kò sí ẹni tí ó lè mú un ni, sà.” Ìdáhùn rẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n ìdajì ni. Ìdajì tí ó kù ni mo fẹ́ kí a jọ wá lónìí, nítorí pé kì í ṣe ọwọ́ àwọn ọmọdé nìkan ni ó ti sọnù.

Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ṣì wà nínú ògo rẹ̀, àwọn akọni 70 kan wà tí à ń pè ní Ẹ̀ṣọ́. Àwọn ni wọ́n ń ṣọ́ ìjọba. Wọ́n wà lábẹ́ àwọn ìjòyè ńlá méje tí à ń pè ní Ọ̀yọ́ Mèsì, Ẹ̀ṣọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá lábẹ́ ìjòyè kọ̀ọ̀kan. Orúkọ baba nìkan kò tó láti fi jẹ Ẹ̀ṣọ́. Ìgboyà ọkùnrin náà lójú ogun ni a ń wò. Bí ó bá sì ti jẹ oyè náà tán, ọ̀nà méjì péré ni ó kù fún un lójú ìjà: kí ó ṣẹ́gun, tàbí kí ó kú síbẹ̀. Ọgbẹ́ àyà kì í ṣe ìtìjú fún un. Ọgbẹ́ ẹ̀yìn ni ìtìjú, nítorí pé ẹni tí ń sá ni ọfà ń bá lẹ́yìn. Títí di òní olónìí, àwọn ọmọ Ìkòyí ń fi èyí yangàn nínú oríkì wọn. Ohun náà ni àwọn àgbà ń wí nígbà tí wọ́n bá sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín.

Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni olórí gbogbo àwọn Ẹ̀ṣọ́. Ìtàn sọ pé Aláàfin Àjàgbó ni ó dá oyè náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí ẹnì kan bá jẹ ẹ́, a ó fá orí rẹ̀, a ó sín gbẹ́rẹ́ 201 sí i, a ó sì fi oògùn ra á, kí ẹ̀rù má bàa bà á mọ́ láéláé. Ọ̀pá àṣẹ ọba ni yóò mú lọ́wọ́ lọ sí ogun. Ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, ó níláti jagun lọ sí ibi tí Aláàfin bá rán an. Láàárín oṣù mẹ́ta, bí kò bá mú ìṣẹ́gun bọ̀, òkú rẹ̀ ni a ó gbé wálé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo òfin yìí dáradára. Ọkùnrin tí agbára rẹ̀ pọ̀ jùlọ lójú ogun, òun náà ni a fi òfin dè jùlọ. Kì í ṣe ogun tí ó bá wù ú ni yóò jà. Bí ọ̀nà bá le, kò lè padà sẹ́yìn. Àwọn baba wa mọ̀ pé bí agbára ènìyàn bá ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí okùn tí a fi dè é ki tó.

Irú èyí wà ní ilẹ̀ Yúróòpù náà. Àwọn akọni ẹlẹ́ṣin wà níbẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní náìtì. Ní èdè Faransé, inú orúkọ ẹṣin gan-an ni a ti yọ orúkọ wọn. Àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́ pẹ̀lú, ẹṣin ni wọ́n fi di alágbára. Ọmọ tí yóò di náìtì a máa kúrò nílé baba rẹ̀ ní nǹkan bí ọmọ ọdún méje láti lọ sìn ní ààfin olúwa kan. Ní nǹkan bí ọmọ ọdún 14, yóò máa ru ihámọ́ra ọ̀gá rẹ̀. Bí ó bá tó ọmọ ọdún 21 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó fi idà kan èjìká rẹ̀, yóò sì búra pé òun kò ní da olúwa òun, òun kò ní purọ́, òun yóò sì gbèjà aláìlágbára.

Kí ni ó fa ìbúra yìí? Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ọba ilẹ̀ Faransé kò ní agbára púpọ̀, àwọn ẹlẹ́ṣin sì ń ja àwọn àgbẹ̀ lólè ní ọ̀sán gangan, wọ́n ń kó màlúù àti àgùntàn tálákà lọ. Ní ọdún 989, àwọn bíṣọ́ọ̀bù péjọ ní ìlú Charroux, wọ́n sì gégùn-ún fún ẹnikẹ́ni tí ó bá kó ẹran ọ̀sìn tálákà tàbí tí ó bá lu àlùfáà tí kò ní ohun ìjà lọ́wọ́. Ẹṣin ti ní ìjánu tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí ni a wá ìjánu fún ẹni tí ń gùn ún.

Ẹ má ṣe rò pé wọ́n pa òfin náà mọ́ nígbà gbogbo. Ní ọdún 1099, nígbà tí àwọn náìtì gba Jerúsálẹ́mù, wọ́n pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí kò jagun, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé. Ẹnu búra, ọwọ́ sì ṣe tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má tíì nàka sí ẹlòmíràn, nítorí tiwa ń bẹ nílé. Ẹ rántí Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó jókòó sí Ìlọrin. Ó kọ ẹ̀yìn sí Aláàfin Aólẹ̀, ó ní Ìlọrin kò sí lábẹ́ Ọ̀yọ́ mọ́. Láti fi ìdí ara rẹ̀ múlẹ̀, ó bá Álímì, àlùfáà Fúlàní, ṣọ̀rẹ́, ó sì kó àwọn ẹrú tí wọ́n sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn jọ ṣe ọmọ ogun. Àwọn ọmọ ogun yìí ń kó ìlú, wọ́n ń fìyà jẹ ará oko, Àfọ̀njá kò sì dá wọn lẹ́kun. Nígbà tí ó fẹ́ dá wọn lẹ́kun, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Ní nǹkan bí ọdún 1824, wọ́n dojú ìjà kọ ọ́. Àfọ̀njá kò sá. Ìtàn sọ pé ọfà àti ọ̀kọ̀ tí ó wọ ara rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òkú rẹ̀ fi dúró lórí wọn láì ṣubú.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ní ti ìgboyà, Ẹ̀ṣọ́ pípé ni Àfọ̀njá. Iwájú ni ó fi gba ọfà. Ṣùgbọ́n ó ti já okùn tí ó so ó mọ́ ẹni tí ó fi í joyè, kò sì dáàbò bo ará oko tí ó yẹ kí ó ṣọ́. Ìgboyà rẹ̀ kò gba Ìlọrin là, kò sì gba Ọ̀yọ́-Ilé là, nítorí kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí ìlú ńlá náà fi tú.

Nínú rògbòdìyàn ayé náà ni àwọn jagunjagun tẹ ìlú Ìbàdàn tiwa dó, ní nǹkan bí ọdún 1829. Ìlú akọni ni. Ẹni tí kò ní baba ńlá lè di ńlá níbẹ̀ nípa agbára apá rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1840, Ìbàdàn ni ó dá ogun Ìlọrin dúró ní Òṣogbo, ilẹ̀ Yorùbá sì sinmi díẹ̀. A kò gbọdọ̀ gbàgbé oore yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀tá ńlá kò sí mọ́, agbára náà yí padà sí àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìbàdàn fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, púpọ̀ nínú àwọn ajẹ́lẹ̀ wọ̀nyí sì ń gba ohun olóhun bí ẹni pé tiwọn ni. Ìtàn sọ pé ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ìwọ̀sí kan aya ọmọ ọba kan tí ń jẹ́ Fábùnmi. Fábùnmi kò lè gbà á mọ́ra. Ó pa ajẹ́lẹ̀ náà. Lára ohun tí ó dá ogun Kírìjì sílẹ̀ nìyẹn. Èkìtì Parapọ̀ dìde, Ògèdèngbé ará Iléṣà di balógun wọn, wọ́n sì kọjú sí Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ààrẹ Látòósà, Kakaǹfò Ìbàdàn, kú sí bùdó ogun ní ọdún 1885, ogun náà kò sì tíì parí.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà wá sí Ìbàdàn, sí àdúgbò Àrẹ̀mọ. Olùkọ́ kan gbé ibẹ̀ rí, Samuel Johnson ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1846 ni a bí i ní Hastings, ní ilẹ̀ Sàró, ìdílé rẹ̀ sì wá sí Ìbàdàn nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Abẹ́òkúta, ó padà wá kọ́ àwọn ọmọ ní Ìbàdàn, ní ọdún 1875 sì ni ó di olùkọ́ni ìjọ ní Àrẹ̀mọ. Lẹ́yìn náà ni ó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́. Òun ni ó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí a ti rí púpọ̀ nínú ohun tí mo sọ fún yín nípa àwọn Ẹ̀ṣọ́.

Johnson kò jẹ oyè ogun, a kò sì sín gbẹ́rẹ́ 201 sí i lórí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1886, gómìnà Èkó rán òun àti àlùfáà Charles Phillips sí bùdó ogun Kírìjì láti wá àlàáfíà. Àárín ìbọn méjì ni wọ́n ń rìn. Ìwé ni wọ́n mú lọ́wọ́, wọn kò mú idà. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìhà kan, wọ́n sọ ọ́ fún ìhà kejì láì fi kún un, láì yọ kúrò nínú rẹ̀, títí tí a fi kéde àdéhùn náà ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá purọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ta ni ì bá tún gbà wọ́n gbọ́?

Ohun mìíràn ń bẹ. Nígbà tí Johnson kọ ìtàn rẹ̀, kò bo àṣìṣe Ìbàdàn mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìlú tí ó tọ́ ọ dàgbà nìyí. Ó sọ bí a ti rọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà lóyè Ìyálóde ní ọdún 1874, àti bí a ti lo àwọn ẹrú rẹ̀ láti pa á ní òru, nínú ilé ara rẹ̀. Ní ọdún 1897 ni ó parí ìwé náà. A fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó, ó sì sọnù. Johnson kú ní ọdún 1901 láì rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921. Àbúrò kò jẹ́ kí iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣègbé. Ẹ̀ṣọ́ ni èmi pe àwọn méjèèjì.

Ẹnì kan lè sọ pé, “Tíṣà, kò sí ọfà mọ́, kò sí ẹṣin mọ́, kí ni a ó fi òfin Ẹ̀ṣọ́ ṣe?” Ọfà ń bẹ. Nígbà tí a bá ṣe àṣìṣe tí a sì bi wá léèrè, ọfà ni. Ẹni tí ó bá ní “èmi ni mo ṣe é” ti fi àyà gbà á. Ẹni tí ó bá ń wá ẹlòmíràn tì í sí lọ́rùn ti kọ ẹ̀yìn sí i.

Èmi fúnra mi ti sá rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, owó kan sọnù lórí tábìlì mi, mo sì na ọmọ kan nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn tí ọmọ náà ti sunkún lọ ilé, mo rí owó náà láàárín ìwé mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi pa á mọ́ra. Mo ń sọ fún ara mi pé bí olùkọ́ bá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé, ọ̀wọ̀ rẹ̀ yóò tán. Ní ọjọ́ kẹrin ni mo tó dúró níwájú kíláàsì, tí mo sọ pé mo ṣẹ ọmọ yìí. Ọ̀wọ̀ mi kò tán. Ṣùgbọ́n n kò gbàgbé ọjọ́ mẹ́ta náà, nítorí pé, bí ó bá jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ni mo ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀, n kì bá tí dúró di ọjọ́ kejì.

Ibẹ̀ gan-an ni ìdajì tí ó sọnù wà. Kì í ṣe ojú ẹni tí ó ju wá lọ ni a ti ń mọ ọmọlúàbí. Ojú ẹni tí kò lè ṣe wá ní nǹkan kan ni: ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé, aláàárù ní Ọjà’ba, opó tí ó wá gba ìwé ní ọ́fíìsì, ọmọ kékeré tí ó wà níwájú ẹ̀rọ omi. Bí o bá lágbára lórí ẹnì kan, lọ́dọ̀ rẹ̀ ni a ó ti mọ̀ bóyá o ní ìjánu.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún ọmọkùnrin náà, n kò sì nà án. Ní ọjọ́ kejì mo rí i tí ó dúró sí ẹ̀yìn gbogbo àwọn ọmọ náà, ó ń dúró de ìgbà tí yóò kàn án. Kò sí ẹni tí ó pàtẹ́wọ́ fún un, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní Ààrẹ. Ọjọ́ náà gan-an ni orúkọ náà ì bá yẹ ẹ́.

Ẹ̀yin òbí, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ire o.