Ìwádìí: Wíwá Yàtọ̀ sí Rírí

Ọ̀rọ̀ méjì ló so kọ́ra nínú ìwádìí: wá, àti ìdí. Ẹni tó bá fetí sí i dáadáa á gbọ́ ojú ìdè wọn. Fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ ìdí ti sá lọ, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ kò bá a lọ; ó rọra bọ́ sórí ìró tó tẹ̀ lé e, dí wá di dìí. Bákan náà ló rí nínú nídìí.

Kí ọlọ́pàá tó máa kéde lórí rédíò pé ìwádìí ń lọ lọ́wọ́, kí yunifásítì sì tó máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́dún kẹrin, àwọn òbí ọkọ ìyàwó ti ń ṣe é. Bí ọmọ bá mú àfẹ́sọ́nà wálé, alárinà tàbí ẹ̀gbọ́n kan á dìde, á lọ sí àdúgbò àwọn ẹbí ọmọbìnrin náà, á sì máa béèrè jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ ará ilé kejì: ṣé wọn kì í ya wèrè nínú ìdílé yẹn? Ṣé gbèsè ò sí lọ́rùn bàbá? Wọ́n ń wádìí ọmọ nìyẹn.

Ìdí fúnra rẹ̀ ni ibi tí a fi ń jókòó. Ibi tí igi ti yọ nínú ilẹ̀ náà ni, ìyẹn ni Èkó fi ní Ìdí-Àràbà, níbi tí ilé ìwòsàn LUTH wà, tó tún ní Ìdí-Máńgòrò lọ́nà Agége. Ibi tí ọkọ̀ ti ń kó èrò ni ìdíkọ̀. Ẹni tó bá dúró ṣinṣin ti fìdí múlẹ̀; ẹni tó bá feélì ìdánwò, wọ́n ní ó fìdí rẹmi. Nínú gbogbo rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni ìdí wà, nǹkan mìíràn ló jókòó lé e. Nígbà tí a bá sì béèrè ìdí ọ̀rọ̀, ohun tí ọ̀rọ̀ náà jókòó lé là ń béèrè.

Ìlérí ńlá lọ̀rọ̀ ìwádìí yìí ṣe fún ẹni tó bá gbé e lọ́wọ́: pé á dé ìdí ọ̀rọ̀. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni wàhálà akẹ́kọ̀ọ́ sàíkọ́lọ́jì ti ń bẹ̀rẹ̀, pàápàá ẹni tó ń dá kẹ́kọ̀ọ́ lórí fóònù. Irú wọn pọ̀. Ibùdó ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn ti Yunifásítì Ìbàdàn ń kọ́ni ní sàíkọ́lọ́jì. Open University tí ìjọba Ṣàgàrí dá sílẹ̀ lọ́dún 1983, tí àwọn ológun tì pa lọ́dún 1984, tó sì tún ṣílẹ̀kùn lọ́dún 2002, ló jẹ́ kí etí wa mọ́ Module, Unit àti TMA (iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe fún olùkọ́ láti máàkì). Ẹni tó ń gbé Èjìgbò lè ka Unit kan tán láàárín Ìyànà Èjìgbò sí géètì Jákàńdè, bí ọ̀nà bá dí tó bó ṣe máa ń dí.

Èjìgbò ti Oṣòdì-Ìsọlọ̀ ni mò ń wí o, kì í ṣe ti Ògìyàn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Kì í ṣe àwàdà. Bí o bá fi fọ́ọ̀mù Google ránṣẹ́, tí o béèrè ibi tí èèyàn ń gbé, tí ẹni kan sì kọ Èjìgbò sílẹ̀ láìfi nǹkan mìíràn kún un, ọ̀dọ̀ ta ni wàá kà á sí? Ọ̀rọ̀ dátà pàápàá ń ṣini lọ́nà níbí. Kí ẹnikẹ́ni tó rántí iye àti àkọsílẹ̀, ohun tí wọ́n ń fi náírà rà sórí fóònù ni dátà. Bí olùkọ́ bá kọ ọ́ pé kí o rí i pé dátà rẹ pé kí o tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ á kọ́kọ́ wo iye gíígì tó kù.

Ká padà sórí ìdí. Òwe kan wà tí kì í jìnnà sí wa lẹ́nu: bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ikú ti mú olú ilé lọ kí wọ́n tó bí ọmọ náà, ìyẹn ni wọ́n fi fún un ní orúkọ tí ọkùnrin sábà ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà tọ́ nípa orúkọ, nítorí pé èèyàn ló ń sọ ọmọ lórúkọ, èèyàn sì mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n a ti mú un kọjá ibẹ̀. A gbà pé kò sóhun tó ń ṣẹlẹ̀ láìnídìí: bí ọmọ méjì bá ṣàìsàn lójúlé kan náà, ó nídìí, bí oníbàárà bá dá páú lọ́sẹ̀ kan, ó nídìí. Ẹ̀kọ́ ìṣirò tí wọ́n ń fi ṣèwádìí kò gbabẹ̀ wọlé. Ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé bóyá kò nídìí rárá, bóyá ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Null hypothesis ni wọ́n ń pè é nínú module. Kó o tó lè sọ pé nǹkan nídìí, wàá kọ́kọ́ fún kòńgẹ́ láyè kó rojọ́ tirẹ̀.

Ronald Fisher, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi tíì ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé The Design of Experiments lọ́dún 1935. Obìnrin kan ní òun lè fi ẹnu mọ̀ bóyá mílíìkì ni wọ́n kọ́kọ́ dà sínú ife, tàbí tíì. Kí wọ́n po ife mẹ́jọ, mẹ́rin báyìí, mẹ́rin bẹ́ẹ̀ yẹn, kí wọ́n dà wọ́n rú mọ́ra, kí wọ́n ní kó ṣa mẹ́rin tí mílíìkì ti ṣáájú. Ọ̀nà 70 ni èèyàn lè gbà ṣa ife mẹ́rin nínú mẹ́jọ, ọ̀kan ṣoṣo ló sì tọ̀nà délẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó kàn ń méfò ni, ẹ̀ẹ̀kan nínú 70 ni kòńgẹ́ máa gbè é. Ẹ kíyè sí i pé kò sẹ́ni tó tíì béèrè ìdí tí obìnrin náà fi lè mọ̀ ọ́n. Kòńgẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lé jáde.

Ìṣirò tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi lé kòńgẹ́ jáde jù, ìyẹn t-test, inú ilé ìpọntí ló ti wá. William Gosset ń ṣiṣẹ́ fún Guinness ní Dublin nígbà tó gbé ìṣirò náà jáde lọ́dún 1908. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ fi orúkọ ara rẹ̀ tẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ló bá fi Student bọwọ́ lù ú. Guinness yìí kan náà ló ṣí ilé ìpọntí sí Ìkẹjà lọ́dún 1962, kò jìnnà sí wa.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Jákàńdè wá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó bi àwọn èèyàn pé wákàtí mélòó ni wọ́n ń lò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójúmọ́, àti pé báwo ni oorun wọn ṣe ń rí. Ó kó o sínú JASP, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà tí Yunifásítì Amsterdam ṣe tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì rí i pé bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ṣe ń gùn ni oorun ń bàjẹ́. P, ìyẹn ìwọ̀n bí kòńgẹ́ nìkan ṣe lè mú irú èyí wá, kéré sí 0.05. Kòńgẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ síta. Ló bá kọ ọ́ gàdàgbà pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni ìdí àìrísùn.

Ta ló sọ fún un? Ẹni tówó rẹ̀ ò tó gbalé nítòsí ibi iṣẹ́ ló ń rìnnà jíjìn. Ooru yàrá kan ṣoṣo àti ariwo jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì náà lè má jẹ́ kó sùn. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀yìn lọ̀rọ̀ náà gbà wá: ẹni tí kò sùn dáadáa ló ń pẹ́ jí, ìgbà tí ọ̀nà bá ti dí ló sì ń bọ́ sọ́kọ̀. Ipasẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí tọ̀, kò tíì kan ìdí. Yorùbá kúkú ní ọ̀rọ̀ fún ìyẹn, ìtọpasẹ̀. Ọdẹ tó rí ipasẹ̀ méjì tó rìn pọ̀ mọ̀ pé ẹranko méjì gbabẹ̀ kọjá. Kò tíì mọ èyí tó ń lé èkejì.

Ẹni tó bá fẹ́ dé ìdí gbọ́dọ̀ ṣẹ́ gègé. Kó mú àwọn èèyàn, kó jẹ́ gègé ló máa sọ ẹni tó máa bọ́ sápá kan àti ẹni tó máa bọ́ sápá kejì, kó má jẹ́ owó wọn, kó má jẹ́ ìwà wọn. Nígbà náà, bí apá méjèèjì bá yàtọ̀ síra lẹ́yìn ohun tó ṣe fún apá kan, ó ti ń rí ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ṣẹ́ gègé mú pé kó lọ jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fún oṣù kan gbáko?

Àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà tí gègé ò lè débẹ̀ láéláé. Ní ìrọ̀lẹ́ Sunday, ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, ohun ìjà bú gbàù ní bárékè Ìkẹjà. Èèyàn sá nínú òkùnkùn, ọ̀pọ̀ sì já sínú kánààlì Òkè-Àfà tí ewéko ti bo ojú omi rẹ̀. Àwọn tó kú lé ní ẹgbẹ̀rún. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ mọ ohun tó ń gba orí èèyàn kọjá lásìkò irú ìpayà bẹ́ẹ̀, tí ìgbìmọ̀ yunifásítì sì yọ̀ǹda fún un, àwọn tó yè ló máa lọ bá. Ẹni tó yè á ní òun ò tẹ̀ lé èrò, apá ọ̀tún lòun yà sí, ìyẹn ló yọ òun. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó rì lè ti yà sápá ọ̀tún náà, kò sì sẹ́ni tó lè bi wọ́n. Bí ẹgbẹ̀rún èèyàn tó yè bá tiẹ̀ dáhùn fọ́ọ̀mù náà, ìhà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti wá.

Bí wọ́n ṣe ń tẹ bọ́tìnnì JASP rọrùn láti kọ́ni láti òkèèrè. Fíídíò á fi ibi tí wàá tẹ̀ hàn ọ́, bí kò bá yé ọ, o tún un wò. Ọ̀rọ̀ gègé ló ṣòro, ẹ̀yìn Module ni wọ́n sì máa ń tì í sí, lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ t-test í tẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi, Unit kìíní ni màá fi í sí, kí ẹnikẹ́ni tó rí ìṣirò kankan. Níbi tí TMA bá sì ti kà pé "ìdí rẹ̀ ni pé", màá bi ẹni tó kọ ọ́ létí ibẹ̀ pé ta ló ṣẹ́ gègé. Bí kò bá sẹ́ni tó ṣẹ́ ẹ, kó pa á rẹ́, kó kọ ọ́ pé wọ́n ń rìn pọ̀, kó sì sọ iye èèyàn tó bi.