Láti Orí Green Card Dé Orí Jíjẹ́ Ọmọ Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà

Green card ni ìwé ìgbélùú tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún àlejò tó gbà láyè láti máa gbé, kó sì máa ṣiṣẹ́, lórí ilẹ̀ rẹ̀ láìní gbèdéke. Ẹni tó ní in kò tíì di ọmọ Amẹ́ríkà. Kò lè dìbò yan ààrẹ, kò lè gba pásípọ́ọ̀tù ibẹ̀, ìjọba sì lè lé e padà sílé bó bá rú àwọn òfin kan. Ọ̀nà tó ń gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé ipò ọmọ onílẹ̀ kò díjú tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ, àmọ́ ó ní ibi tó ń yọ̀. Ìdánwò tó wà lápá ìparí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa máa ń bẹ̀rù. Ohun méjì tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ ju ìdánwò lọ ni iye ọjọ́ tí wọ́n fi wà lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà, àti bí ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ṣe bá òótọ́ mu.

Ọdún 1790 ni òfin àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde. Ọdún 2 péré ló ní kí àlejò fi gbé ìlú, ṣùgbọ́n aláwọ̀ funfun tí kì í ṣe ẹrú nìkan ló ṣílẹ̀kùn fún. Ìgbà tí ogun abẹ́lé ti parí, tí wọ́n sì ti fòpin sí oko ẹrú, ni òfin 1870 tó wá gba àwọn tí wọ́n bí sí Áfíríkà àti àtọmọdọ́mọ wọn láyè. Àwọn ará Éṣíà kan ṣì dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí di 1952, nígbà tí òfin tuntun pàṣẹ pé ẹ̀yà kò gbọdọ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Òfin 1952 yìí, pẹ̀lú àtúnṣe lóríṣiríṣi, ni wọ́n ń lò dòní. USCIS, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2003, ni ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó o.

Oríṣiríṣi ọ̀nà ni àwọn ọmọ Yorùbá gbà rí green card: ìgbéyàwó, ọmọ tó ti di ọmọ Amẹ́ríkà tó kọ̀wé fún òbí rẹ̀, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ti dókítà, tàbí físà lọ́tìrì. Ti lọ́tìrì yìí gbé ọ̀pọ̀ ìdílé lọ láàárín ọdún 1990 síwájú. Àmọ́ wọ́n yọ orúkọ Nàìjíríà kúrò níbẹ̀ láti orí lọ́tìrì ti 2015 (DV-2015), torí pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gba ọ̀nà yòókù wọlé ti ju 50,000 lọ láàárín ọdún 5.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18, kó sì ti lo ọdún 5 pẹ̀lú green card. Bó bá jẹ́ pé ọkọ tàbí aya rẹ̀ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, tí onítọ̀hún ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún 3, tí àwọn méjèèjì sì jọ ń gbé gẹ́gẹ́ bíi tọkọtaya ní gbogbo ọdún 3 náà, ọdún 3 tó. Òfin gbà kí èèyàn fi ìwé sílẹ̀ ní 90 ọjọ́ ṣáájú kí ọdún náà tó pé. Ó tún gbọ́dọ̀ ti gbé oṣù 3 ní ìpínlẹ̀ tó ti ń kọ̀wé. Ọ̀nà ti àwọn ọmọ ogun yàtọ̀, ó sì yá ju èyí lọ.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló gba àlàyé, torí nǹkan méjì ni òfin ń kà. Èkíní ni àpapọ̀ ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ẹni fi wà lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà: ó kéré tán, oṣù 30 nínú ọdún 5, tàbí oṣù 18 fún ẹni tó ń lo ọ̀nà ọdún 3. Èkejì ni pé ìgbé náà kò gbọdọ̀ já. Ìrìn àjò kan ṣoṣo tó bá ju oṣù 6 lọ ti mú kí wọ́n gbà pé ó ti já, àyàfi bí èèyàn bá mú ẹ̀rí wá pé ilé òun, iṣẹ́ òun àti ìdílé òun ṣì wà lọ́hùn-ún. Bó bá pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó já nìyẹn. Onítọ̀hún yóò tún kà láti ìbẹ̀rẹ̀; bó bá jẹ́ ọ̀nà ọdún 5 ló ń lò, yóò tó ọdún 4 ó lé ọjọ́ kan lẹ́yìn tó padà kó tó lè kọ̀wé.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá àgbà kan tí ọmọ rẹ̀ tó wà ní Houston gba green card fún. Òtútù kò bá a lára mu, ìsọ̀ rẹ̀ wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ kò sì ṣe é fi sílẹ̀. Oṣù 2 ló ń lò ní Amẹ́ríkà lọ́dọọdún, oṣù 10 tó kù, ilé ni. Ní ìparí ọdún 5, oṣù 10 péré ni màmá ní lọ́wọ́ nínú 30 tí òfin ń béèrè, wọn yóò sì gbà pé ìgbé rẹ̀ ti já lọ́dọọdún. Èyí tó burú jù ni pé green card náà fúnra rẹ̀ wà nínú ewu, nítorí ẹni tó ń gbé Amẹ́ríkà ni wọ́n fún, kì í ṣe ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ wò. Òṣìṣẹ́ tó wà ní pápákọ̀ òfuurufú lè bi í pé níbo gan-an ni ilé rẹ̀. Ìwé àyè àtiwọlé padà tí àwọn kan máa ń gbà kí wọ́n tó rìnrìn àjò gígùn lè dáàbò bo káàdì náà fún bí ọdún 2, ṣùgbọ́n kì í so ìgbé tó ti já fún ẹni tó fẹ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè.

Fọ́ọ̀mù N-400 ni wọ́n fi ń kọ̀wé. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024, dọ́là 710 ni owó rẹ̀ fún ẹni tó ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 760 fún ẹni tó fi ìwé ránṣẹ́, ẹ̀dínwó sì wà fún ìdílé tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀. Fọ́ọ̀mù náà ń béèrè gbogbo ìrìn àjò láti ọdún 5 sẹ́yìn, ọjọ́ tí o jáde àti ọjọ́ tí o wọlé. Ibẹ̀ ni èèyàn ti máa ń kó pásípọ́ọ̀tù tuntun àti ti àtijọ́ jọ, tí yóò máa fi ojú wá òǹtẹ̀ pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed tí tàdáwà rẹ̀ ti ṣá.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè lórí ìwà wá kàn. Wọ́n ń béèrè nípa owó orí, nípa owó ìtọ́jú ọmọ, àti bóyá ọlọ́pàá ti mú ọ rí, kódà bí ilé-ẹjọ́ bá ti da ẹjọ́ náà nù. Ọkùnrin tó gbé Amẹ́ríkà láàárín ọmọ ọdún 18 sí 26 ní láti ṣàlàyé bóyá ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Selective Service, àjọ tó ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n lè pè sí iṣẹ́ ológun. Ìdìbò ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀fìn: àwọn kan forúkọ sílẹ̀ láti dìbò níbi tí wọ́n ti lọ gba láísẹ́ńsì awakọ̀, láìmọ̀ pé green card kò tó o, ọ̀rọ̀ náà sì lè di ti lílé kúrò nílùú.

Wọ́n tún máa ń ṣí fáìlì àtijọ́, èyí tó ti wà nílẹ̀ láti ìgbà tí o kọ́kọ́ béèrè físà. Ọjọ́ orí tí wọ́n dín kù, ọmọ tí wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe torí ìwé nìkan, gbogbo rẹ̀ lè jáde lọ́jọ́ yìí. Irọ́ tó bá sì gbé èèyàn dé ibi ìbúra kò tíì kọjá ewu, torí ilé-ẹjọ́ lè gba ipò ọmọ orílẹ̀-èdè náà padà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìdánwò ńkọ́? Òṣìṣẹ́ kan ló ń ṣe é nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹni náà yóò ka gbólóhùn kan sókè ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, yóò kọ òmíràn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe pè é fún un, yóò sì dáhùn ìbéèrè lórí ìtàn àti ìjọba Amẹ́ríkà. Àwọn tó fi ìwé sílẹ̀ láti ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ń kọ́ ìbéèrè 128; wọ́n lè bi wọ́n tó 20 níbẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gba 12. Ẹni tó bá kùnà yóò tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín 60 sí 90 ọjọ́. Àwọn àgbà ní ìrọ̀rùn tí ọ̀pọ̀ kò gbọ́ nípa rẹ̀: ẹni tó ti pé ọdún 50, tó ti lo ọdún 20 pẹ̀lú green card, tàbí ẹni ọdún 55 tó ti lo ọdún 15, kò ní láti ṣe ti èdè Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ó lè mú ògbufọ̀ dání, kó sì fi Yorùbá dáhùn ìbéèrè. Ẹni ọdún 65 tó ti lo ọdún 20 tún ní ìbéèrè 20 péré láti kọ́.

Ìbúra ló kẹ́yìn. Ẹni tí kò bá tíì búra kò tíì di nǹkan kan, bó tilẹ̀ yege. Ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń gba green card lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Wọn yóò na ọwọ́ ọ̀tún sókè, wọn yóò búra pọ̀, wọn yóò sì gba ìwé ẹ̀rí. Kí èèyàn yẹ orúkọ rẹ̀ wò lórí ìwé náà kó tó kúrò níbẹ̀, torí orúkọ Yorùbá kì í pẹ́ di nǹkan mìíràn lọ́wọ́ atẹ̀wé. Kò sì gbọ́dọ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì sí Èkó títí tí pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà yóò fi dé ọwọ́ rẹ̀.

Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó tó di àgbà ọ̀jẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, gba ọ̀nà yìí ní 1993, ó sì bá Amẹ́ríkà gba góòlù ní Òlíńpíìkì Atlanta ní 1996. Fún ìdílé tí a kò mọ orúkọ wọn, èrè ibẹ̀ sún mọ́lé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, tó ní green card, tó sì ń gbé lọ́dọ̀ òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ búra, di ọmọ Amẹ́ríkà lójú ẹsẹ̀ láìkọ fọ́ọ̀mù kankan. Òfin tó fìdí èyí múlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001. Òbí àti àbúrò náà ti di ẹni tí èèyàn lè kọ̀wé fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àbúrò máa ń pẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó sì ń kọ àwọn àgbà kan lóminú, pé àwọn yóò pàdánù ilé bàbá àwọn, kò rí bẹ́ẹ̀: abala 28 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kò gba ipò ọmọ Nàìjíríà lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ nítorí pé ó di ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn.

Ìwọ tí green card rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjọ́ tí o jáde àti ọjọ́ tí o wọlé sílẹ̀ láti ìsinsìnyí, má sì sọ pásípọ́ọ̀tù àtijọ́ nù. Bí ọlọ́pàá bá ti mú ọ rí, tàbí bí ohun kan bá wà nínú fáìlì àtijọ́ tí kò gún, lọ rí lọ́yà tó mọ òfin ìgbélùú kí o tó fọwọ́ kan N-400, torí owó lọ́yà kéré sí ohun tí èèyàn lè pàdánù. Yẹ ojú òpó USCIS wò kí o tó san kọ́bọ̀, nítorí iye owó àti ìlànà máa ń yí padà.